Koríko Òkun Tí Ìyá Mi Fọ̀

Mo rántí ìgbà tí mo gbé koríko òkun gbígbẹ kan wá sílé wa ní àdúgbò Kabawa, létí odò Ọya, tí mo fi bébà wé e bí ẹni tó gbé wúrà. Olùkọ́ wa ní yunifásítì ló fún mi. Inú òkun tútù kan nílẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti já a. Ó gùn, àwọ̀ búráùn ni, ìyẹ̀fun funfun sì bo gbogbo ara rẹ̀. Ṣúgà ni ìyẹ̀fun yẹn. Koríko náà ló ṣe é fúnra rẹ̀, bó sì ṣe ń gbẹ ni ṣúgà náà ń yọ síta.

Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba, ti ní kí n fi ẹ̀kọ́ nípa ewéko sílẹ̀, kí n lọ kọ́ òfin. Ó ní koríko kún ojú odò Ọya, òun ò sì tíì rí ẹni tó torí rẹ̀ lọ yunifásítì. Èmi gbà pé tó bá ti lè fi ahọ́n kan ìyẹ̀fun yẹn, ọ̀rọ̀ parí.

Àmọ́ nílé wa, ohunkóhun tó bá ti inú omi wá, a ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná. Kí n tó wẹ̀ tán, ìyá mi ti rẹ koríko mi sínú abọ́, ó ti fọwọ́ ra á mọ́ tónítóní. Ó rò pé koríko náà ti bu ni. Ibẹ̀ ni bàbá mi, tí mo ti sọ̀rọ̀ ṣúgà náà fún, wọlé bá wa, ó béèrè ibi tí ṣúgà wà.

Ìyá mi wo ojú mi. Ó ti ìka bọ omi inú abọ́, ó tọ́ ọ wò, ó sì gbé abọ́ náà fún bàbá mi.

“Ẹ tọ́ ọ wò. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ kúrò lára ẹ̀.”

Iyọ̀ ló kọ́kọ́ kàn án lẹ́nu, mo rí i lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni adùn dé. Ó tún tọ́ ọ wò, ó wá bi mí pé kí ni koríko ń fi ṣúgà ṣe. Mo ní nígbà tí oòrùn bá pọ̀, ó máa ń ṣe ju èyí tó máa lò lọ, á tọ́jú ìyókù sínú ara rẹ̀, kì í ṣe bíi sítáàṣì inú iṣu, ohun tó ń yọ́ sómi ni. Tí òtútù bá dé, tí ìmọ́lẹ̀ ò tó mọ́, èyí tó tọ́jú yẹn ni yóò fi hu ewé tuntun.

Bàbá mi gbé abọ́ náà kalẹ̀. “Koríko yìí gbọ́n jù ẹ́ lọ,” ó ní. “Tí a bá fún ìwọ ní owó oúnjẹ, kì í pé ọ̀sẹ̀ tó fi ń tán.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. A ò sọ̀rọ̀ òfin mọ́ nínú ilé yẹn.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Àdúgbò Felele ni mo ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ewéko. Nígbà míì tí iná bá lọ nírọ̀lẹ́, tí ilé pa rọ́rọ́, mo máa ń rí abọ́ yẹn láàárín wọn. Ohun tí wọ́n tọ́jú sínú mi lọ́jọ́ náà kò tíì tán.