Èmi Ni Wọ́n Ń Wá

Mo rántí ohùn ẹnìkejì mi ju ojú rẹ̀ lọ. Yàrá kan náà la jọ gbé ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí a wà ní yunifásítì, nínú ilé gígùn kan tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé sì ń fa omi nínú kànga kan. Ọmọ Mákùn-Omi ni, apẹja ni bàbá rẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tó jókòó tì í nìkan ló máa gbọ́. Ó máa ń ró aṣọ mọ́ ìdí bó bá ń dáná, òórùn ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ a sì máa ta sánsán dé ẹnu ọ̀nà bàbá onílé. Bó bá ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀.

Èmi ní tèmi, ọmọ Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Ìdí ẹ̀rọ tó ń la gẹdú ni bàbá mi ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tí kò bá lè pariwo níbẹ̀ kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn mi fi dà bí ti ẹni tó ń bá ará òdìkejì odò jà. Mo ń gbá bọ́ọ̀lù, mo ń gbé àpò gààrí lórí láìwá ẹni tó máa bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo sì ń yọ àyà síta bí mo bá ń rìn. Nínú ilé yẹn, bí wọ́n bá fẹ́ júwe ọkùnrin gidi, èmi ni wọ́n ń nàka sí. Inú mi a sì máa dùn, èmi òmùgọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọkùnrin lọkàn mi ń fà sí láti kékeré.

Àwọn ará ilé gbà pé kò sí bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lè fara pa mọ́ fún àwọn. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ á tinrín, á mọ ọbẹ̀ sè, kò sì ní lè rìn bí ọkùnrin. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti délẹ̀ létí kànga, ẹnìkejì mi ni wọ́n máa ń wò, wọn a sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, tèmi a tiẹ̀ máa ròkè ju tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ó ti ṣàlàyé ara rẹ̀ fún mi láìpẹ́ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé. Ó ní lórí omi, ẹni tó bá pariwo lé ẹja lọ, ẹni tó bá sì fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ nínú ọkọ̀ á dojú ọkọ̀ náà dé. Ó ní bí àwọn ọkùnrin ilé wọn bá lọ pàgọ́ sí etí omi láti pẹja, wọn kì í mú obìnrin lọ; bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè. Ohun tí ilé wa ń pè ní àmì obìnrin, iṣẹ́ ọkùnrin ni nílé wọn. Ó tún ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ àtilọ rí àwọn òbí. Gbogbo èyí ni mo mọ̀, n kò sì sọ ọ́ létí kànga lọ́jọ́ kankan. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń wò ó, wọn ò ní wò mí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà tó máa ń gun ọ̀kadà wá kí mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀rẹ́ ni mo pè é, nítorí pé títí di òní ẹnu mi kò tíì gba orúkọ tó tọ́ sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnìkejì mi wà ní kíláàsì, àwa méjèèjì ti ilẹ̀kùn, a sì gbàgbé pé kọ́tìnì fèrèsé kò dé ìsàlẹ̀. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ rí ọkùnrin méjì tí wọ́n dì mọ́ra nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n inú yàrá ṣú, kò rí ojú wọn. Èmi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rí wa. Mo sin ọ̀rẹ́ mi dé ibi tó ti wọ ọ̀kadà, mo sì gba pápá bọ́ọ̀lù lọ.

Nígbà tí mo padà dé, tèmi ti bàtà bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ẹnìkejì mi ti ti kíláàsì dé, ó sì dúró níwájú bàbá onílé; obìnrin tó sá aṣọ ti ròyìn ohun tó rí, gbogbo ilé sì rọ̀gbà yí i ká. Bàbá onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán, tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń ro ohun tí àwọn òbí tó fi ọmọ sílé òun máa sọ ni. Ó kọjú sí mi.

"Ìwọ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, kí lo ti rí lára ọmọ yìí? Òótọ́ ni kó o sọ."

Mo ń wo bàtà ọwọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, èmi kì í sábàá sí nílé."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ohun tó sì burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Gbogbo ilé gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bàbá onílé mi orí, ó wá bi ẹnìkejì mi bóyá ó ní ọ̀rọ̀ sọ. Ẹnìkejì mi wò mí, kò sì bínú. Ó ní, "N kò ní nǹkan sọ, Bàbá." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ẹrù rẹ̀.

Ọmọbìnrin òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò kí i mọ́. Ìdánwò àṣekágbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ń sùn kiri nílé onílé, ó fìdí rẹmi, ó sì ní láti fi ọdún kan kún un. Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Mo gbọ́ òwe náà kedere. Mo ra kọ́tìnì tó gùn.

Láti ìgbà náà ni ara mi ò ti balẹ̀. Bí mo bá gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ẹja, mo máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀, mo sì ń jáde. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wá gbéyàwó lọ́dún yìí, nítorí pé ilé wọn kò jẹ́ kó sinmi, èmi ni mo dúró tì í gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, tí mo ń ṣe àmín tó ròkè ju ti gbogbo èèyàn lọ. Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, mo mọ̀ pé n kò lè gbé irọ́ kejì lé ti àkọ́kọ́. Mo wá ọ̀nà Mákùn-Omi lọ.

Ẹnìkejì mi ti di olùkọ́ níbẹ̀, ó ti láya, ó ti bímọ. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ìyẹn gan-an sì dùn mí. Ó ní kí n jẹ́ ká lọ wo àwọ̀n òun, a sì jọ wọ ọkọ̀. Nígbà tí a dé àárín omi, mo sọ ọ́ fún un. Mo ní èmi ni obìnrin yẹn rí, mo ní irú ẹni tí wọ́n ń wá ní ilé yẹn, èmi gan-an ni, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá mi. N kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan rí. Mo sì rọra sọ ọ́, nítorí pé orí omi la wà.

Kò dáwọ́ àjẹ̀ dúró. Ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ojú rẹ máa ń yàtọ̀ bí ọmọkùnrin yẹn bá dé."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi gbèjà ara rẹ̀ níwájú bàbá onílé, nígbà tó mọ̀ pé kì í ṣe òun.

Ó ní, "Àwa méjì la wà nínú yàrá. Bí mo bá ní kì í ṣe èmi, ta ló kù?"

 Ó na etí àwọ̀n kan sí mi, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Òjòwò ni mo wà báyìí, nídìí ẹ̀rọ bàbá mi. Ẹnìkejì mi ti ní òun dárí jì mí, kò sì jọ pé ó ń tàn mí. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ń bá sùn, tó sì ń bá jí. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, tí gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́, àwọn òṣìṣẹ́ á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èmi á ṣì máa pariwo.