Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Èjìká Ènìyàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo hu ìwà òmùgọ̀ kan tí àwọn àgbà àdúgbò wa tó ṣẹ́kù láyé kò tíì gbàgbé títí di òní. Mo dọ̀bálẹ̀ kí àgbàlagbà kan. Ẹ ó ní kí ló burú nínú ìyẹn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé orí èjìká ènìyàn ni mo wà, tí àwọn tí mo gùn yẹn náà dúró lórí èjìká àwọn ẹlòmíràn, tí ilẹ̀ sì jìnnà sí mi bí ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ. Ohun tí wọ́n rán mi kò le rárá. Wọ́n ní kí n gòkè, kí n gbé ọwọ́ kan, kí n sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ọmọ àbúrò mi ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ́nu mi. Bí ẹ bá dé ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ẹ ó rò pé àwọn ọmọ Katalóníà tó ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun yẹn, ìyá kan náà ló bí wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Wọ́n mọ orúkọ wọn, wọ́n mọ eékún tó ń dùn wọ́n, wọ́n mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà wá ní kí n má gbẹ́yìn. Mo ní èmi ti kí ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn ńlá ilẹ̀ Katalóníà rí, lójúkojú, kí a tó bí bàbá àwọn tí wọ́n ń pariwo lé lórí yẹn. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Àńkù, ẹ ti mu nǹkan."

N kò mu nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Fáda kan wà ní ilé ìjọsìn àwọn Àgùdà tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Láfẹ́nwá, òun náà ni olórí ilé ìwé wa. Gbogbo wa rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí òyìnbó kan kò yàtọ̀ sí òyìnbó kejì lójú wa. Ọjọ́ kan ni ó bínú, ó ní òun kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, òun kì í sì í ṣe ará Sípéènì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ìwé ìrìnnà òun wí nìyẹn. Ó ní ará Katalóníà ni òun, àwọn ní èdè tiwọn, àwọn ní orin tiwọn. Ó ní ta ni nínú àwa ọmọ Ẹ̀gbá ni inú rẹ̀ yóò dùn bí wọ́n bá pè é ní Ìjẹ̀bú? Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ọ̀rọ̀ náà yé wa lójú ẹsẹ̀.

Fáda yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, olórin ni. Kì í ṣe olórin kékeré. Ó ní nílé àwọn, bí ẹ̀gbọ́n òun bá ti la ẹnu, àgbà a dìde, ọmọdé a dákẹ́. Ṣùgbọ́n sójà kan ti gba ìjọba lọ́hùn-ún, ó sì ti ní kí wọ́n má fi èdè wọn kọ́ ọmọ ní ilé ìwé mọ́, kí wọ́n má sì fi ṣe ohunkóhun ní gbangba. Ẹ̀gbọ́n yìí kò yéé fi kọrin. Wọ́n lé e títí ó fi sá wọ ilẹ̀ Faransé, ó sì búra pé bí sójà náà bá ṣì wà lórí àga, òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilé. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó ní òun ti rí i tí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé, òun kò tíì rí i tí wọ́n ti èdè mọ́lé.

Ọdún tí mò ń wí yìí ni ẹ̀gbọ́n náà wá kí àbúrò rẹ̀. Obìnrin tó rù, irun rẹ̀ funfun báláú, ikọ́ kò sì jẹ́ kó gbádùn. Àwọn obìnrin aláró àdúgbò wa, ìyá mi wà nínú wọn, pè é ní Ẹ̀gbọ́n Fáda, wọ́n ń bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un láàárọ̀. Bí ó bá jókòó tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, a máa kọrin wúyẹ́wúyẹ́, wọn a sì máa dáhùn bí ẹni pé wọ́n gbọ́. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ fún bàbá mi pé ikọ́ yẹn kì í ṣe ikọ́ tó ń lọ. Fáda náà mọ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Dókítà ti wí tirẹ̀, sójà kò sì kúrò lórí àga.

Ìgbà náà ni Fáda ronú ohun kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ ká. Nílùú wọn, bí ọdún bá dé, wọ́n máa ń fi ènìyàn kọ́ ilé gogoro. Àwọn àgbà ọkùnrin yóò fún ara wọn pọ̀ nílẹ̀ bí iṣu inú àká, àwọn kan yóò dúró lé wọn léjìká, àwọn kan yóò tún dúró lé ìyẹn, ọmọ kékeré kan yóò wá gun gbogbo wọn dé òkè téńté, yóò na ọwọ́ kan sókè. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti tẹ orí mọ́lẹ̀, wọn kò lè rí nǹkan kan. Ọwọ́ ọmọ náà ni àwọn tó ń wòran fi ń mọ̀ pé ó ti parí, ariwo wọn ni àwọn tó tẹ orí fi ń mọ̀. Bí ọmọ kò bá na ọwọ́, wọn kò kọ́ ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì fojú kan irú ilé yìí láti ìgbà tó ti sá kúrò nílé. Fáda fẹ́ kí ó rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó padà.

Àwọn agẹdú, ìyẹn àwọn tó ń la gẹdú ní Láfẹ́nwá, gbà láti ṣe ìsàlẹ̀, nítorí Fáda ti bá wọn wo ọmọ wọn sàn rí. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ní kí olúkúlùkù fi aṣọ gbọọrọ di ìdí, kí ẹ̀yìn wọn lè le, kí àwọn tó ń gòkè sì rí ibi fi ẹsẹ̀ kọ́. Aṣọ gbọọrọ kò sí ní àdúgbò, àfi ọ̀já tí àwọn ìyá fi ń pọnmọ.

Olórí àwọn agẹdú, ọkùnrin tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ní, "Èmi? Kí n gba ọ̀já? Ọmọ wo ni mo fẹ́ pọ̀n?"

Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lé ọ lórí ni. Gbà á, jàre."

Èmi ni ọmọ náà. Kò sí ẹni tó kéré tó mi ní kíláàsì wa, mo tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá ẹ̀rù gíga ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí nísinsìnyí. Títí di òní, bí gílóòbù bá jó nílé mi, ìyàwó mi ló ń gun àga. Èmi a di àga mú, n ó máa kígbe mọ́ ọn pé kó rọra. Ìyá mi nìkan ló gbìyànjú láti gbà mí. Ó kúnlẹ̀ kí Fáda dáadáa, ó wá bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Fáda, ṣé kò sí àkàbà nílùú yín ni?"

A kọ́kọ́ dán an wò ní pápá ilé ìwé. Mo na ọwọ́, nítorí ojú mi máa ń wà ní dídì, ewúrẹ́ nìkan ló sì ń wò mí. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni ẹsẹ̀ mi. Nílé wa, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan àgbà láìmọ̀ ní láti bẹ̀bẹ̀ kíákíá, ká má tíì sọ ẹni tó mọ̀-ọ́n-mọ̀ tẹ àgbà léjìká. Bí mo ṣe ń gòkè ni mò ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Olórí àwọn agẹdú kò lè gbé orí, ó sọ̀rọ̀ láti inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún: "Ọmọ yìí, gòkè. A ti gbọ́. Ẹ̀kọ́ ilé rẹ fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn."

Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Fáda máa padà ni a ṣe é, ní ìyálẹ̀ta. Mọ́tò tó máa gbé e lọ sí Èkó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé àga sí iwájú fún un, ìyá mi fi àdìrẹ kan bò ó lẹ́sẹ̀. Àwọn ọkùnrin fún ara wọn pọ̀. Àwọn géńdé mẹ́rin gùn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ọmọkùnrin mìíràn gun àwọn géńdé. Ó wá kàn mí.

N kò lè sọ bí mo ṣe gòkè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dé orí èjìká ẹ̀gbọ́n mi, mo gbá orí rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ jí i gbé. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n, ti ẹ̀gbọ́n mi náà ń gbọ̀n, n kò mọ ti ta ni mo ń gbọ̀n mọ́. Mo gbọ́ tí Fáda ń pè láti ìsàlẹ̀ pé, "Ọwọ́! Ọwọ́!" Mo la ojú kí n lè wá ọwọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n Fáda ni ojú mi bá. Ó ti dìde. Obìnrin arúgbó yẹn ti dìde lórí àga rẹ̀, àdìrẹ ìyá mi ti bọ́ sílẹ̀, ó dúró gangan, ó ń wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí níbẹ̀ yẹn. Àgbà dìde fún ọmọdé. Ọmọdé wà lókè, àgbà wà nílẹ̀. Wọ́n sì ní kí n juwọ́ sí i, èmi tí ìyá mi ti gbá létí nítorí pé mo juwọ́ sí ìyá àgbà kan dípò kí n kí i. Ọwọ́ mi kọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ara mi mọ̀ láti ṣe ló ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo na àyà mi lé orí àwọn méjèèjì tó wà lábẹ́ mi, mo sì wí pé, "Ẹ kú ìjókòó mà." Ó dúró o. Ṣé èmi ni mo ní kó dìde ni?

Ilé náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Kò sí ohun tí mo lè dì mú tí kì í ṣe ènìyàn tó ń ṣubú.

Orí àwọn bàbá ni a wó lé, nítorí náà kò sẹ́ni tó ṣẹ́ léegun. Ẹ̀gbọ́n mi gé ahọ́n jẹ. Ẹnì kan tẹ gíláàsì ojú Fáda fọ́. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Fáda jókòó sílẹ̀ nínú rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni wí, ó kàn ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ọmọ kò na ọwọ́, kò dúró, kò dúró. Dírẹ́bà ń fun fèrè. Ààyè kò sí láti tún un ṣe. Àwọn agẹdú bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ọ̀já ṣì wà nídìí wọn, àwọn kan ní a kọ́ ọ, àwọn kan ní a kò kọ́ ọ. Èmi dúró láàárín wọn, mò ń sunkún.

Ilẹ̀ Faransé ni obìnrin náà kú sí. Sójà náà ṣì wà lórí àga. Ọjọ́ tí ìròyìn rẹ̀ dé, Fáda wọ kíláàsì, ó sọ fún wa, kò sì kọ́ wa ní nǹkan kan. Gbogbo wa dìde, a ní ẹ kú àráfẹ́rakù sà, bí ẹni ń ka ìwé. Kí ni ọmọdé tún lè ṣe?

Sójà náà kú lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Mo gbọ́ pé èdè wọn ti padà sí ilé ìwé báyìí, pé àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn ń fi í fọ̀ sí ara wọn. Tiwa ńkọ́? Ọmọ mi obìnrin ń gbé lọ́nà Èkó, òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí àkùkọ tó kọ. Bí mo bá lọ kí wọn, àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa wò mí bí ẹni tó ń wo ìròyìn láìsí ohùn. Wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo ń sọ. Sójà kankan kò lé wọn. Àwa ni a gbé èdè wa sílẹ̀ fúnra wa, a tún sanwó ilé ìwé lé e. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà.

Àwọn ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀ kò jẹ́ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Èyí tó ní mo ti mu nǹkan bi mí pé, "Àńkù, ìyẹn ni pé ẹ kò kọ́ ilé náà nìyẹn?"

Mo ní ìbéèrè rẹ ti pẹ́. Olórí àwọn agẹdú ti béèrè ohun kan náà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó sún mọ́ fèrèsé mọ́tò tí obìnrin náà ti wọ̀, ó ní kí Fáda bá òun bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí iyàn náà kò ní jẹ́ kí àwọn sùn: ṣé àwọn kọ́ ọ ni àbí àwọn kò kọ́ ọ? Obìnrin náà kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe tó fi sùn lókè. Fáda ṣàlàyé fún un pé bí ọmọ Ẹ̀gbá ṣe ń kí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún nìyẹn. Ó húkọ́ díẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, Fáda sì fi Yorùbá sọ ọ́ fún gbogbo wa:

"Ó ní nílé wa, ọwọ́ kan péré ni ọmọ máa ń nà. Ọmọ yín yìí, gbogbo ara ni ó nà. Ó ní ẹ ti kọ́ ọ."