Orúnkún Oyèbísí

Ẹni bá fẹ́ mọ Oyèbísí, orúnkún rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ni, a jọ ń gbé ilé kan náà ní Gáríkì, ní Enúgu, níbi tí Bùsàrí ọkọ mi ti ń ránṣọ. Bí ọmọ náà bá pàdé àgbàlagbà nínú ẹrẹ̀, inú ẹrẹ̀ náà ni yóò kúnlẹ̀ sí. Ẹ̀kọ́ ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á láyé jẹ́!

Ìkúnlẹ̀ yìí ló fi féèlì ìdánwò àwọn agbẹ̀bí. Ó ti fọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ tán, ni Ìyáàfin Phoebe, ọ̀gá tó ń dán wọn wò, bá wọlé. Kíá, Oyèbísí kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀. Ó dìde, ó sì kọrí sọ́dọ̀ aboyún láì tún fọwọ́.

"Jáde!" ni ìyá náà wí.

Wọ́n ní bó bá tún féèlì, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ sílé.

Nígbà tó tún un ṣe níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966, èmi Rùkáyàt ni aboyún tí wọ́n fi dán an wò. Ẹ gbà mí o! Èmi ni mò ń rọbí, òun ni wọ́n ń fún ní máàkì.

Ó fọwọ́ tán, ó gbé e sókè. Ìyáàfin Phoebe wọlé.

"Oyèbísí, o ò rí mi ni?"

Orúnkún ọmọ náà ti ń tẹ̀ lọ sílẹ̀. Inú bí mi.

"Bí o bá kúnlẹ̀, mi ò ní bímọ yìí fún ọ!"

"Mo rí yín, mà. Ẹ káàárọ̀, mà," ló wí lórí ìdúró.

Ojú ìyá náà le koko. Mo ní ó ti tán, Ògbómọ̀ṣọ́ yá.

Oyèbísí fọkàn balẹ̀ gba ọmọ mi, ó nu imú rẹ̀, ó yẹ ibi ọmọ wò bóyá ó pé, ó bi mí bóyá òòyì ń kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló tó lọ fọwọ́.

"Ta ló kọ́ ọ pé kó o máa kí mi lórí ìdúró?" ni Ìyáàfin Phoebe bi í.

"Ẹ̀yin ni, mà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ní kí n jáde."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "O ti yege."

Ni Oyèbísí bá kúnlẹ̀. Ìyáàfin Phoebe fà á dìde. "Dìde jàre. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe báyìí."

Oyèbísí bú sẹ́kún. Ọmọ mi náà ń ké.

"Èmi tí mo bímọ ńkọ́?" mo pariwo.

Oyèbísí yíjú sí mi, ó kúnlẹ̀ tomijé-tomijé. "Ẹ kú ewu ọmọ, àǹtí mi."

Èmi ò fà á dìde ní tèmi o. Ó tọ́ sí mi.