Oòrùn àti Òórùn: Bí Mo Ṣe Lọ sí Ilé Bàbá Mi ní Kumasi

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí mo ti jókòó sínú ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àpò kan, ìgò omi kan àti awò ojú mi. Àbúrò mi, Àlàájì Gàníyù, ló pè mí láti Kumasi. Láti ìgbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá mi, ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, kò pè mí rí. Ó ní iná oòrùn ti dé Aboabo, gbogbo àdúgbò ń forúkọ sílẹ̀, ohun kékeré kan ló kù, kí n wá tẹ ìka sí ìwé. Ẹni tí kò pè ọ́ nígbà tó ń jẹun, tó wá pè ọ́ nígbà tó ń wá ìtẹ̀ka, o mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ló fẹ́ fún ọ. Ojúlé méjì ni mo tìtorí rẹ̀ lọ.

Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Aboabo ní ojúlé mẹ́sàn-án tó yí àgbàlá ká. Méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà jẹ́ ti ìyá mi, ó sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé èmi ni yóò ni ín lẹ́yìn òun. Nígbà tí mo béèrè lẹ́yìn ikú rẹ̀, Gàníyù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé kan ni wá. A kì í pín ilé kan." Àwọn àgbà mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Kò pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀, Hàjíà Sìdíkátù, fi gbé fírísà mẹ́ta sínú ojúlé méjì tí kò ṣeé pín yìí, tó ń ta ẹja yìnyín níbẹ̀.

A gba Sèmè, Kútọnu àti Lomé kọjá. Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń yí ìwé ìrìnnà mi síwá sẹ́yìn kí wọ́n tó na ọwọ́. Mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Mo mọ ojú ẹni tí kì í ṣe ìwé ló ń kà. Mo sùn ní Accra, mo wọkọ̀ lọ sí Kumasi lọ́jọ́ kejì. Ní Nkawkaw mo ra dọ̀kúnù, ẹ̀kọ àwọn ará ibẹ̀, ní cedi márùn-ún, àti ẹja díndín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀kọ tiwa a máa yọ̀ lọ́nà ọ̀fun; dọ̀kúnù kan, ó sì le, bí ẹni pé ó fẹ́ bá ọ jà kó tó gbà kí o gbé òun mì.

Awakọ̀ wa pè mí ní Maame, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá, ó sì rojọ́ dumsor fún mi títí a fi dé Konongo. Èdè Twi ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "pa á, tàn án", bí iná wọn ṣe ń ṣe. Kumasi ni wọ́n bí mi sí, mo gbọ́ Twi, mo sì fi dá a lóhùn pé lọ́dọ̀ tiwa, ìdajì ọ̀rọ̀ náà nìkan la ní. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi kù díẹ̀ kó gbá ewúrẹ́.

Láti Kejetia, ibùdókọ̀ ńlá Kumasi, mo wọ trotro, ọkọ̀ akérò wọn, dé Aboabo lẹ́yìn ìrun àsárì. Hàjíà kúnlẹ̀ ààbọ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi," ó sì ní orúnkún ń dun òun. Gàníyù kò jẹ́ kí n jókòó tó fi mú mi lọ wo iná oòrùn tó fi ń yangàn. Pápá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni wọ́n to àwọn pátákó dúdú tó ń fa iná látinú oòrùn sí, ní ìlà ìlà, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ kò lágbára kò ní láti ra pátákó tirẹ̀. Yóò kàn forúkọ sílẹ̀, yóò máa san ti oṣooṣù, wọn yóò sì fa wáyà ìpín tirẹ̀ wá bá a nílé. Ìyẹn dára, n kò ní purọ́. Ní ìlú tiwa, kálukú ló ń ti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fèrèsé aládùúgbò. Gàníyù ní, "Ẹ ò ní irú èyí ní Nàìjíríà." Nígbà tí a padà dé ẹnu ọ̀nà, imú mi ti gbọ́ ìyókù. Oòrùn ni wọ́n fi ń yangàn. Òórùn ni mo bá pàdé. Ẹja Hàjíà ti ń rà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ọmọbìnrin tó ń forúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ náà, Akosua, ti béèrè iye ilé tó fẹ́ gba iná. Gàníyù na àyà, ó ní, "Fie baako." Fie ni ilé, baako ni kan. Ní ti Akosua, ilé kan ni ọkọ, aya àtàwọn ọmọ wọn. Ó bá fún ojúlé mẹ́sàn-án ní ìpín ìdílé kan: gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan, fírísà kékeré kan. Bí fírísà mẹ́ta bá jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo àgbàlá á kú fin-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Akosua mú fọ́ọ̀mù tuntun wá. Kí ojúlé kọ̀ọ̀kan tó gba ìpín tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó ni ín, àti nítorí pé orúkọ bàbá wa ló wà lórí ìwé ilé, àwa ọmọ méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ka. Gàníyù nawọ́ fọ́ọ̀mù sí mi, ó ti kọ ọ́ tán. Ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Mo mú awò mi jáde. Ó ti gbàgbé ẹni tó kọ́ ọ ní a, b, d. Ojúlé mẹ́sàn-án, orúkọ kan.

"Ti ìyá mi dà?" mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé kan ni wá."

Akosua gbọ́ "ilé kan" yẹn. Ó jọ pé ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́. Ó fi Twi bi í bóyá òun tún máa kọ fie baako. Àwọn ayálégbé tó ń fọṣọ lágbàálá rẹ́rìn-ín. Mo ká ọwọ́ mi méjèèjì sínú ìró, mo ní ìka mi ti rẹ̀, ó rin ọ̀nà jíjìn.

Hàjíà ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Kò wo ojú mi. "Àlàájì, ẹ kọ orúkọ wọn. Ẹja ò mọ̀ pé ilé kan ni wá."

Ó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ lójú gbogbo ènìyàn kò ṣe é, àwọn àgbà kò ṣe é. Páálí mákẹ́rẹ̀lì mẹ́ta ló gba ẹ̀tọ́ mi fún mi. Mo tẹ̀ka. Akosua béèrè nọ́ńbà fóònù onílé fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹni tó bá ń lo iná lè san owó o, fóònù onílé ni nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sí mítà yóò máa wọlé sí. Mo ka tèmi fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ iléèwé kọ.

Mo padà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Kò sí iná. Ohun tí mo kọ́ lọ́nà yìí kò pọ̀: ẹni tó bá sọ pé ilé kan ni yín, bi í pé gílóòbù mélòó. Ìparí oṣù, fóònù mi dún, nọ́ńbà mítà ojúlé mi wọlé. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Hàjíà fi pè. Mo parí ẹ̀kọ mi, mo fọ abọ́, mo nu ọwọ́, kí n tó gbé e.

Ó ní, "Ẹ kú ilé, ọkọ mi." Mo bi í bóyá ó ti kúnlẹ̀.