Orúkọ Tí Mo Pè Níwájú Àwòrán Aṣálẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ súnmọ́ ibí, kí n sọ ohun tí ẹnu mi kó bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ mọ̀ mí ṣá! Èmi ni mò ń kun ilé ní agbègbè Atlanta níbí, láti Stone Mountain títí dé Loganville. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá kun ògiri, ẹ lè fi í wojú bíi dígí! Ìdí nìyẹn tí gallery kan, ilé tí wọ́n ti ń fi àwòrán hàn, fi pè mí kí n wá kun ògiri wọn kí àlejò tó dé.

Àlejò wo? Màmá àgbàlagbà kan ni, láti aṣálẹ̀ Australia, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ gangan tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ayàwòrán ni wọ́n. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa fi igi kékeré kán ọ̀dà sí i, tó, tó, tó, títí yóò fi di òkìtì iyanrìn àti ojú omi ìlú wọn.

Àwòrán ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin jọ yà. Òyìnbó kan ti rà á wá sí Amẹ́ríkà tipẹ́, wọn ò sì fojú kàn án mọ́. Ẹ̀gbọ́n yẹn wá kú láìpẹ́ yìí. Torí àwòrán yẹn nìkan ni Màmá ṣe wọ bàálù wá, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì máa padà.

Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, tó ń túmọ̀ fún wọn, ló ṣáájú wá tó sọ èyí fún mi. Ó tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Uncle, ṣé ẹ ò lè kun ògiri láì sọ̀rọ̀ ni?" Mo ní, "Ọmọ mi, ẹnu mi ló ń jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ!" A jọ rẹ́rìn-ín.

Kí Màmá tó wọlé, mo rí i pé ẹnì kan lẹ tape bo orúkọ kan tí wọ́n kọ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà. Ta ló fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́? Èmi tí tape mi kì í kù sára ògiri tí mo bá kun tán! Mo ṣí i kúrò. Orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn ló wà lábẹ́ ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Màmá.

Nílé tiwa, bí a bá ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn, ṣé a kì í pe òkú lórúkọ ni? Bí Màmá ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, mo tẹríba, mo pe orúkọ náà sókè ketekete, kí wọ́n lè rí i pé èmi náà mọ̀wé kà! Mo ní kó sùn re, kó má jọ̀kùn, kó má jekòló.

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Wọ́n figbe ta, wọ́n sì yí padà síta.

Ẹ̀rín ti tán lójú ọmọ náà. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, bí èèyàn bá kú, wọn kì í pe orúkọ ẹ̀, kí ẹ̀mí ẹ̀ lè sinmi. Òun fúnra òun ló lẹ tape yẹn! Màmá ò lè wọ yàrá náà mọ́, torí mo ti pe orúkọ náà níbẹ̀.

Mo sáré bá wọn ní parking lot. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi tí mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí mo ti dé Atlanta! Màmá fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọmọ náà túmọ̀ ẹ̀: Màmá mọ̀ pé inú rere ni mo fi ṣe é. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ gbóná.

Mọ́tò wọn gbéra. Wọn ò rí àwòrán náà.

Mo padà wọlé, mo lẹ tape náà padà mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará, mi ò tíì kun ògiri tó dán tó yẹn rí. Ta ló wá wò ó?

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: kí ẹ tó fi àṣà ilé yín tu ẹlòmíràn nínú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ṣé ẹ̀yin náà ti ṣe oore rí tó di ẹkún fún ẹni tí ẹ ṣe é fún? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, kó má jẹ́ èmi nìkan. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní orúkọ yẹn o. Mi ò ní pè é mọ́.