Ìjókòó Pijó Bàbá Mi Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Ìjà Sílẹ̀ Nílé Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi ara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tó ní mo ti rù, kò parọ́ mọ́ mi. Mọ́tò ló mú mi rù!

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ náà. Pijó 504 ni, aláwọ̀ ewé. Ìnspẹ́tọ̀ iléèwé ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ yìí ni wọ́n sì fi ń wọ gbogbo abúlé tó wà láàrin Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú. Nígbà tí àgbà dé, wọ́n pè mí wá sílé wa ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n máa wà á lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú, àmọ́ kí n máa wá fi gbé àwọn jáde nígbà tó bá wu àwọn.

Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ò ní wàhálà o. Ẹ pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, ẹ óò gbọ́ ohùn irin gidi. Inú rẹ̀ ni ká sọ! Ìyá wa, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ti fi òwú tó nípọn hun ìbòrí fún àwọn ìjókòó, pupa àti búlúù. Dáṣíbọ́ọ̀dù ti là, Bàbá fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Fáànù kékeré kan wà níwájú tí wọ́n fi wáyà dè. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì sílẹ̀ ti kán, igi ni wọ́n gbẹ́ sí i. Ìbòrí tí Ìyá hun pàápàá ti ṣá, ó ti ya, fóòmù ń yọjú lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí àlejò.

Bàbá ò fẹ́ jáde mọ́, ìbàdí tún wá ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta fúngbà díẹ̀ kí wọ́n lè máa rí dókítà. Ni èmi ọmọ dáadáa bá ní n óò tún inú ọkọ̀ náà ṣe kí wọ́n tó dé. Ó yẹ kó jẹ́ sọ̀pìráìsì. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Mo ya fọ́tò inú ọkọ̀, mo jù ú sínú gúrúùpù àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kan tí mo wà lórí WhatsApp. Mo kàn béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dá inú rẹ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde tuntun, àbí kí n kàn fi lẹ́dà bò ó?

Yéè! Ẹ̀yin náà mọ bí èèrà ṣe ń bo ṣúgà. Àwọn kan ní tí mo bá fi nǹkan mìíràn sí i, ọ̀daràn ni mí. Àwọn kan ní kí n gbé tẹlifíṣọ̀n sí i. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí mo sọ ní Ọ̀gá Ògidì, torí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju “ògidì” lọ. Ó ní ìbòrí yẹn àti fáànù yẹn, ìtìjú gbáà ni wọ́n jẹ́. Ó ní tí mo bá nífẹ̀ẹ́ bàbá mi lóòótọ́, bí bàbá mi ṣe ra ọkọ̀ náà ni kí n ṣe dá a padà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní òótọ́ ni. Ògidì náà ni!

Mo wá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ráṣídì, ẹni tó ń rán ìjókòó mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Benson, ní Ìkòròdú. Ráṣídì ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ògidì rárá.

“Àlájà, ẹ jẹ́ ká fi lẹ́dà pupa sí i, ká wá tan iná wínníwínní sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé á rò pé hòtẹ́ẹ̀lì lòun wà.”

“Ráṣídì, àgbàlagbà ló fẹ́ jókòó síbẹ̀.”

“Ṣé àgbàlagbà ò fẹ́ ìgbádùn ni?”

Lójoojúmọ́ ló ń pè mí. Tí kò bá pè nípa iná, á pè nípa àwọ̀. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, fóònù á dún: Àlájà, búlúù ńkọ́? Mo wà nídìí oúnjẹ: Àlájà, mo rí èyí tó ń dán bíi góòlù! Mo sọ fún un pé tó bá tún dárúkọ góòlù fún mi, n óò gbé mọ́tò mi lọ.

Ìyẹn ò tíì tán. Àbúrò mi ọkùnrin, Mùfú, tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, gbọ́ pé wọ́n ti ṣí ìbòrí kúrò. Ó pè mí. Kò kí mi o!

“Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ sin Màámi lẹ́ẹ̀kejì ni?”

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fóònù wà létí mi. Mo ṣe àlàyé fún un títí pé mo ti fọ ìbòrí náà, mo ti ká a sínú àpótí, kò sọnù. Kò gbà. Ó ní ọwọ́ Màámi ló wà lára ìjókòó yẹn, ibi tí wọ́n fi í sí ló yẹ kó wà. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá pè é, kò ní gbé e. Ọmọ ìyá mi o! Nítorí ìjókòó!

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ dúró. Àmọ́ ìjókòó ti tú, kápẹ́ẹ̀tì ti kúrò lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, a ti yọ fáànù àti ọwọ́ onígi, ọkọ̀ wà ní ìhòòhò. Ibo ni mo fẹ́ padà sí?

Ọ̀gá Ògidì ló wá gbé ìròyìn ayọ̀ dé. Ó ní 504 kan wà nínú oko bàbá kan ní Agbowa, ọkọ̀ náà ti kú, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Èmi àti Ráṣídì dìde, ó di Agbowa. A rìn wọ inú oko, a rí ọkọ̀ náà lábẹ́ igi máńgòrò. Òótọ́ ni, ìjókòó pé, àwọ̀ búráùn, lẹ́dà àtijọ́ náà gan-an. Inú mi dùn débi pé mo gbóhùn sókè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Adìyẹ kan gbójú sókè látorí ìjókòó dírẹ́bà, ó wò mí.

Bàbá olóko ní adìyẹ òun ló sàba síbẹ̀. Ó ní ìjókòó jẹ́ tèmi, òun ti gbà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé abiyamọ dìde lórí ẹyin. Kí n lọ, kí n padà wá tó bá pamọ tán. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ká rọra gbé ẹyin náà sínú apẹ̀rẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n lè gbé èmi náà sínú apẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ráṣídì ń rẹ́rìn-ín!

Ẹ bá mi rò ó. Bàbá mi ti fẹ́ dé, àbúrò mi ń bá mi yan odì, adìyẹ ló wá ń fún mi ní déètì!

Ó pamọ ṣá. A kó ìjókòó wálé. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi lọ́fínńdà fọ̀ ọ́, a sá a. Ráṣídì tò ó sínú ọkọ̀, ó ń kùn pé òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi owó wá ìyà rí. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Gúrúùpù pariwo! Ọ̀gá Ògidì ní mo ti dá iyì ọkọ̀ padà. Mo rìn bí ìyàwó tuntun ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Bàbá dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Mo wa ọkọ̀ lọ bá wọn, Mùfú náà wá, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Oòrùn ọ̀sán mú. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ní, “Bàbá, ẹ wò ó o!”

Bàbá wo inú rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kan ìjókòó, wọ́n yára fà á padà.

“Sìdí, níbo lo ti rí èyí?”

“Ògidì ni, Bàbá! Bó ṣe wà nígbà tí ẹ rà á gẹ́lẹ́!”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀tá mi ni.”

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Wọ́n jókòó, wọ́n dìde, agbádá lẹ̀ mọ́ lẹ́dà, ó ń dún ṣàrá-ṣàrá. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn fún wa. Wọ́n ní ọdún tí àwọn ra ọkọ̀ náà, ìjókòó yìí jó àwọn bí ààrò. Wọ́n ní àwọn gbé Ìyá wa lọ síbi ìkómọ kan ní Ìkòròdú, nígbà tí wọ́n dé Agbowa, Ìyá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn á fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ìdí tí wọ́n fi jókòó hun òwú nìyẹn!

“Ṣé ẹ gbọ́!” Mùfú ti ń fò sókè. “Mo sọ fún wọn, Bàbá! Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ti Màámi!”

“Ìwọ náà, dákẹ́.”

Bàbá fọwọ́ ti ara ọkọ̀. Wọ́n ní òwú yẹn ti ń yún àwọn lára tipẹ́. Wọ́n ní Ìyá fúnra wọn fẹ́ ṣí i kúrò, wọ́n ti ra aṣọ tó fúyẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi rán òmíràn, ikú ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

“Ẹ̀yin ni ẹ sọ ọ́ di ohun èèwọ̀. Tí mo bá ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ ò ní sọ pé mo ti gbàgbé ìyá yín?”

Mùfú ń wo ilẹ̀. Èmi náà ń wo ilẹ̀. Bàbá ti ń jókòó sórí ohun tó ń yún wọn láti ọjọ́ yìí wá nítorí tiwa!

Mùfú ló kọ́kọ́ lanu. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Bàbá, kí lẹ wá fẹ́?”

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bi wọ́n rí! Mo bi gúrúùpù, mo bi Ráṣídì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi adìyẹ. Mi ò bi bàbá mi.

Bàbá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fẹ́ ìjókòó tó ga, tí àwọn ò ní máa ti inú rẹ̀ rákò jáde. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ aṣọ, kó má jẹ́ lẹ́dà. Kí wọ́n dá fáànù padà. Kí wọ́n dá ọwọ́ onígi padà pẹ̀lú, torí ìka àwọn dì í mú dáadáa. Wọ́n ní ìyókù, kí àwa máa fi ṣe ògidì wa.

Ráṣídì yọ ìjókòó kan lára jíìpù tó ti gbá igi, ó fi aṣọ aláwọ̀ eérú rán an, ó dè é sí iwájú Pijó. Kò bára mu rárá. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù nítorí òótọ́. Ọ̀gá Ògidì fi àwòrán ojú tó ń sunkún ránṣẹ́, kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti yọ mí kúrò! Mùfú kó ìbòrí Ìyá lọ sílé, ó tẹ́ ẹ sórí àga ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá gbé e.

Ọjọ́ kejì tí iṣẹ́ parí, Bàbá ní kí n gbé àwọn lọ sí Èbúté Ìkòròdú, àwọn fẹ́ wo omi. Wọ́n wọlé, wọn ò di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé ibẹ̀, wọ́n ń nàka sí iléèwé tí tíṣà ti sá gba ojú fèrèsé nígbà tó rí Pijó. Nígbà tí a dé èbúté, wọ́n ní ṣé a ò lè lọ síwájú díẹ̀ sí i ni.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń kọ̀ láti jáde. Mo rò pé ogbó ló mú wọn jókòó sílé. Àṣé ìjókòó ni!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí ẹ fẹ́ ṣe lóore, tó bá ṣì wà láyé, ẹ bi í léèrè. Ẹ má lọ máa bi àjèjì. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ ń pè ní ìrántí máa gún un lẹ́yìn, kó sì máa fara dà á nítorí yín.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti ṣe fún òbí yín rí tẹ́ ẹ rò pé wọ́n á dúpẹ́, tó wá jẹ́ pé wọ́n ò fẹ́ ẹ rárá? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé èmi nìkan ni mo ya òmùgọ̀!