Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Bẹ Sjur

Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ lófo lápá ọ̀tún sàréè Gunvor, ìyàwó Sjur Bolstad, lọ́jọ́ tí a sin ín, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà ọdún 1884. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí, òun àti ọmọ. Èmi ni mo ń gbẹ́lẹ̀ òkú fún ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí òkè, èmi náà ni mo sì ń kọ ìwé rẹ̀: ta ló wà níbo, ìlà wo ló wà, báwo ló ṣe jìn tó. Sjur fúnra rẹ̀ ló dúró lórí koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó ní, "Aslak, ibí ni tèmi. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á o."

Mo ní, "Mo ti gbọ́." Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi kan náà ló gbé èmi àti Sjur wá láti Norway, lọ́dún 1869. Ọ̀sẹ̀ méje la lò lórí omi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, Voss ni wọ́n ti bí i, èmi wá láti àfonífojì tó tẹ̀ lé tiwọn. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ṣe alágbàṣe lóko ẹlòmíràn ní Wisconsin kí kálukú tó rí ilẹ̀ tirẹ̀ gbà ní Dakota. Ilẹ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀ mi pààlà. Ó gbin àlìkámà, ó gbin ànàmọ́, ó sin màlúù mẹ́rin. Ìgbà tó kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ náà, ó dúró, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí òkè kankan, kò rí igi kan. Ó ní, "Aslak, kò síbi téèyàn lè fẹ̀yìn tì níbí." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilẹ̀ koríko ní búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù tó fẹ́ fi kọ́lé.

Ohun kan wà nípa Sjur tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Gbogbo wa la ní in, àmọ́ tirẹ̀ pọ̀ jù. Tó bá wá sílé wa, Inga ìyàwó mi á ní, "Sjur, wá mu kọfí."

"Rárá o, Inga, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tèmi tán nílé ni."

"Ó ti wà lórí iná, jókòó."

"Ẹ̀yin ẹ máa mu tiyín. Mi ò ní pẹ́."

"Sjur! Bí o ò bá mu ún, ẹlẹ́dẹ̀ ni màá dà á fún!"

"Háà. Tó bá jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ ló fẹ́ mu ún, ó dáa, bu ìdajì ife wá."

Ife mẹ́rin ló máa mu. Ó tún máa jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ márùn-ún pẹ̀lú bọ́tà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó bá gbà lẹ́ẹ̀kan, a máa ní ebi ló lé e wá. Ẹni tó bá gbà lẹ́ẹ̀kejì, a máa ní ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ délẹ̀. Ẹ̀kẹta lẹni tó bá lẹ́kọ̀ọ́ ń gbà.

Lọ́dún 1888, ṣọ́ọ̀ṣì wa pín sí méjì. Ọ̀rọ̀ tó pín in ni bóyá Ọlọ́run ti yan àwọn tó máa là kó tó dá ayé, tàbí torí ó rí i pé wọ́n máa gbàgbọ́ ló ṣe yàn wọ́n. Àwọn tó jọ jẹun níjọ́ Sátidé ò kí ara wọn mọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìpàdé ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ, tí kálukú yan apá tirẹ̀, Sjur ò sí níbẹ̀. Abo ẹṣin rẹ̀ ń rọbí. Apá tiwa ló dúró sórí òkè, àwọn yòókù lọ kọ́ tiwọn sísàlẹ̀.

Nígbà tí Sjur dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Alàgbà Torgeir Sande ló mú ìwé orúkọ dání. Torgeir wò ó látòkè délẹ̀. Ó ní, "Sjur, orúkọ ẹ ò sí níbí o."

Sjur ní, "Mo rí i."

Wọ́n dúró. Torgeir ń retí kí Sjur sọ pé kí wọ́n kọ òun sí i. Sjur ń retí kí Torgeir ní kóun wọlé. Èmi wà lẹ́yìn wọn, mo di okùn agogo mú. Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko. Sjur dé fìlà rẹ̀, ó bá ọ̀nà ilé lọ. Àwa rò pé ó ti bá àwọn ti ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn ti ìsàlẹ̀ rò pé tiwa ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ ṣòfin pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí nínú ìwé, a ò ní sin ín sí ilẹ̀ wa. Torgeir ló mú òfin náà wá. Mo lọ sọ fún Sjur. Ó ń pọ́n ẹnu dòjé lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé o kọ ti àyè mi yẹn sílẹ̀ dáadáa?" Mo ní mo kọ ọ́. Ó ní, "Ó dáa." Ó ń pọ́n dòjé lọ.

Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ ìsinmi, á wẹ̀, á wọ kóòtù dúdú rẹ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, á gbé fìlà lórí orúnkún, á kọjú sí òkè. Ilé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì ò ju máìlì kan àti díẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá dáa, á gbọ́ agogo tí mò ń lù. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ orin. Ní 1891, bí èmi àti Inga ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, mo dá ẹṣin dúró níwájú rẹ̀. Mo ní, "Gòkè wá, àyè wà."

Ó ní, "Má da ẹṣin rẹ láàmú, Aslak. A máa pọ̀ jù fún un."

Ó ti pẹ́, mi ò sì tíì lu agogo. Mo na ẹṣin, mo lọ. Inga wò mí. Mo mọ ohun tó ń wò mí fún.

Pásítọ̀ Hegge dé lọ́dún 1893. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí, ọmọ dáadáa ni, ara rẹ̀ yá, ó ń yára ṣe nǹkan. Oṣù kejì tó dé ló lọ sọ́dọ̀ Sjur. Ibi tí mo ti ń tún géètì ibi ìsìnkú ṣe ló ti bá mi.

"Mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Sjur. Mo ní kí wọ́n padà sílé Ọlọ́run, wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu."

Mo ní, "Kí lẹ wá sọ?"

"Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Àgbàlagbà ni wọ́n. Mo dágbére."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé a ti pe Sjur, ó kọ̀. Mo gbọ́, mo ń kan ìṣó lọ. Mo rò pé kì í ṣe ipò agbẹ́lẹ̀ òkú láti kọ́ pásítọ̀ níwà. Mo ti rò ó púpọ̀ látìgbà náà.

Ọdún ń lọ. Ojú Sjur ti ń fà wọ inú. Ó máa ń bá màlúù sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn lọ. Ó ṣì máa ń wá mu kọfí lọ́dọ̀ wa nígbà ọdún Kérésìmesì, Inga ṣì máa ń pariwo ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ kì í pẹ́ mọ́. Ní 1898, Torgeir wá bá mi.

"Aslak, àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gunvor yẹn, mo fẹ́ ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní, "Omi wà níbẹ̀."

"Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gunvor, kò wá sí lábẹ́ Gunvor?"

"Bí omi ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Torgeir."

Ó wò mí títí. Ó gba ibòmíràn.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 1902, mi ò rí èéfín lórí ilé Sjur. Mo wọ bàtà yìnyín mi, mo lọ. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ kóòtù sùn, àyà rẹ̀ ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Mo dá iná. Mo fún un lómi. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ṣé àyè mi ṣì wà?"

"Ó wà."

"Wọn ò ní jẹ́ kó o gbẹ́ ẹ."

Inú bí mi. Mo ní, "Sjur, kí ló dé tí o ò padà nígbà tí pásítọ̀ wá pè ọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ̀rọ̀ ìtìjú. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ló bẹ̀ mí."

Mo ki igi sí iná.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Aslak. Ìdúró ló ti sọ ọ́. Mo rò pé á padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo ra ṣúgà. Mo lọ kọfí sílẹ̀." Ó wúkọ́. "Ó gbó sínú agolo."

Mo di ẹṣin mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín, mo lọ gbé pásítọ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́nà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta? Kí ló dé tí wọn ò kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Níbo ni wọ́n ti bí ìyá yín, Pásítọ̀?"

"Inú ìlú ni. Trondheim."

"Ẹn-ẹ́n. Ó yé mi."

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ la wọlé. Pásítọ̀ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bàbá Sjur, ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ yín padà sínú ìjọ."

Sjur ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Òtútù ti mú yín. Aslak, fún pásítọ̀ ní nǹkan gbígbóná."

Pásítọ̀ bojú wò mí. Mo mi orí sí i. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Inú wa máa dùn gan-an, Bàbá. Àyè yín ṣófo látọjọ́ yìí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ náà ti tó," ni Sjur wí. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

Ìgbà náà ni ikọ́ gbé e. Ó wúkọ́ títí, mo gbé e jókòó, mo tún tẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ pa dé. Pásítọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá Sjur, ẹ jọ̀wọ́. Mo bẹ̀ yín." Kò dáhùn. A dúró tì í. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù, ó kú.

Ọjọ́ kẹta, ìgbìmọ̀ pàdé nílé Torgeir: òun, alàgbà méjì mìíràn, pásítọ̀. Wọ́n ní kí n wá torí ìwé mi. Synneva ìyàwó Torgeir ń gbé kọfí fún wa.

Torgeir ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni pásítọ̀ bi í, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀. Tẹ́lẹ̀ náà ó kọ̀. Ó wà nínú ìwé. Kí ló tún kù?"

Synneva gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. Ará Voss ni. Ó ní, "Torgeir, ọjọ́ tó o wá tọrọ mi, tí bàbá mi ní kó o wá jẹun, ẹ̀ẹ̀mélòó lo kọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Òjò ń pa ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, o ń sọ pé o ti yó. Mò ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé. Mo ní, ṣé ebi ni kò ní pa aṣiwèrè yìí kú kó tó fẹ́ mi?"

Àwọn alàgbà rẹ́rìn-ín. Torgeir ò rẹ́rìn-ín. Synneva náà ò ṣàwàdà mọ́. Ó ní, "Ẹni tí ò tíì gbọ́ ẹ̀kẹta, kò tíì dáhùn. O mọ̀. O mọ̀ ọ́n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì níjọ́ yẹn náà."

Torgeir yíjú sí pásítọ̀. Ó bi pásítọ̀ léèrè bóyá ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta lóòótọ́. Pásítọ̀ ní òun bẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ ni kò gbọ́ mọ́. Torgeir na ọwọ́, ó gba ìwé orúkọ, ó kọ Sjur Bolstad sí i fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo, yíǹkì ta sí ojú ìwé. Ó ní, "Omi tó wà níbẹ̀ yẹn ńkọ́, Aslak?"

Mo ní, "Ó ti gbẹ."

Ilẹ̀ ti dì bí òkúta nígbà náà, díígà ò lè wọ̀ ọ́. Inú àká àlìkámà rẹ̀ la gbé pósí rẹ̀ sí títí yìnyín fi yọ́. Ní gbogbo àkókò náà, èmi ni mò ń fún màlúù rẹ̀ lóúnjẹ. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ni mo gbẹ́ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ló jìn. Mo fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀ láàárín òun àti Gunvor, kí ògiri sàréè má baà ya lulẹ̀.

Èèyàn mọ́kànlélógójì ló wá. Láti ọdún mẹ́rìnlá, àwọn tó wọ ilé rẹ̀ ò pé márùn-ún. Torgeir wà lára àwọn tó di okùn pósí mú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin ò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀kan bi mí pé ṣé àlejò ni. Mo ní kì í ṣe àlejò. Nígbà tí gbogbo wọn lọ mu kọfí ní ilé pásítọ̀, wọ́n ní kí n máa bọ̀, mo ní mò ń bọ̀. Mo dúró, mo kó iyẹ̀pẹ̀ náà bò ó tán, mo fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ṣeé tẹ̀ mọ́.